Ẹrù Ìyàwó fún Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ títí òun fi fẹ̀yìn tì, tó tún sọ pé gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ lòun ń gbà gbọ́, ẹ jìnnà sí i. Irọ́ ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Èmi Bùnmi, ọmọ Èkìtì tó ti di ará Morogbo, mo ti dàgbà ju ẹni tí ń parọ́ fún ọmọdé. Iṣẹ́ ìfura ni iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá mi wá báyìí, tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè fura. Bí ọkàn yín bá tètè ń gba nǹkan gbọ́, iṣẹ́ púpọ̀ wà nílẹ̀ tí ẹ lè ṣe.

Àwọn kan ládùúgbò rò pé síídì ni mo ń tà, torí ilé mi kún fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá kọ ètò kọ̀ǹpútà, bóyá èyí tí ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ yóò máa lò, ètò náà kì í dá gbé. Ó nílò àwọn ètò kéékèèké mìíràn: èyí tó ń bá a to lẹ́tà, èyí tó ń bá a bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, èyí tó ń bá a tọ́jú àkọsílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò tilẹ̀ rántí wọn mọ́. Ìgbà tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tí kò fẹ́ ṣí, ìgbà yẹn ni yóò káwọ́ lérí. Iṣẹ́ tiwa ni láti di ètò náà àti gbogbo ohun tó nílò pọ̀ sínú ẹrù kan. Oníbàárà yóò tẹ̀ ẹ́, kálukú yóò sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Sẹ́tọ́ọ̀pù ni gbogbo ayé ń pe ẹrù náà.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ yìí kò gùn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nítòsí yunifásítì tó wà lápá Morogbo, èmi náà ti kọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ẹnì kan wá sọ fún wa pé ọkùnrin kan ní Àgbádárìgì ń wá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Owó rẹ̀ tó jẹun, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Zannu ni ọkùnrin náà. Ọmọ ẹ̀yà Gun ni, ọmọ Àgbádárìgì pọ́ńbélé, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó gbé ẹrù kan fún mi pé kí n fi sórí kọ̀ǹpútà. Dísíkẹ́ẹ̀tì la ń lò nígbà náà, èèyàn a máa fi ọ̀kan tẹ̀lé èkejì sínú ẹ̀rọ bí ẹni ń fi igi sínú iná. Nígbà tó ṣe, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé òun ti parí. Inú mi dùn.

"Ọ̀gá, ó ti parí, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ síbí, sà."

Ó ní, "Bí olè bá wọlé ẹ, tó ní òun ti lọ, wàá padà sùn, àbí? Éo, rárá. Ṣí i. Kọ nǹkan sínú ẹ̀. Pírìǹtì ẹ̀. Kó o tó wá pè mí."

Ètò náà ò ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹrù náà kó tó gbé e fún mi. Bó ṣe ń kọ́ni nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò mọ èyí tó fi pàkúté sí nínú àwọn ẹrù tó ń gbé fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí tíì tó bá bù fún mi pàápàá. Ọkọ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nílé pé bí òun bá ní òun ti jẹun, n óò lọ wo ìdí ìkòkò. Òótọ́ ni, mo ń wò ó.

Ọ̀gá ló sọ àwọn ohun tí ètò nílò ní ẹrù ìyàwó. Ó ní ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ kì í rò ó pé bóyá òun yóò bá odó níbẹ̀. Odó tirẹ̀ ló ń gbé, ọlọ tirẹ̀, ìkòkò tirẹ̀. Ó tún ní bó bá débẹ̀ tó bá ìkòkò ìyá ọkọ lórí ààrò, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta kó gbé tirẹ̀ kaná, torí àwọn kan nínú ilé ṣì ń fi ìkòkò yẹn jẹun. Mo ti rí sẹ́tọ́ọ̀pù tó sọ ìkòkò onílé nù, tí gbogbo ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà sì kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó di ẹrù burúkú yẹn á ti gba owó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Báwo la ṣe máa ń mọ̀ pé ẹrù ìyàwó pé? Kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi ohun tó bá wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ilé Òfìfo la ń pè é. Bí ẹrù bá ti di dídì, ibẹ̀ la ti ń dán an wò. Bí ètò bá lè gbé nínú ilé tí kò sí ṣíbí, yóò gbé níbikíbi. Lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò ní kí kọ̀ǹpútà yọ ètò náà kúrò, ilé á padà ṣófo. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn máa ń wà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní ìgbálẹ̀ òun kò ní kí ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní páńsá kò fura, páńsá já. Àjà kò fura, àjà jìn. Mo fẹ́ sọ èyí tó jìn lọ́dọ̀ wa fún yín.

Nígbà tí síídì ti gba ipò dísíkẹ́ẹ̀tì, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan wà ní Topo, lódìkejì ọ̀sà, tí wọ́n ń tọ́jú aboyún. Ẹnì kan ní Èkó kọ ètò tuntun fún wọn tí yóò máa gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún aláboyún. Àwa la di ẹrù rẹ̀. A dán an wò ní Ilé Òfìfo, ó ṣí, ó gba èsì, ó tẹ̀wé jáde. Mo fi ojú mi rí i, ọ̀gá náà rí i. Awakọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn wá gbé síídì rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹnàmí ló ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, òun ló fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó gba orúkọ, ó gba èsì. Àmọ́ bó bá ti kan kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ètò náà á padé mọ́ ọn lójú, á sì gbé gbogbo ohun tó ti kọ láàárọ̀ lọ. Ètò àtijọ́ ti kúrò, tuntun kò ṣiṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aboyún sọdá sí Àgbádárìgì fún àyẹ̀wò. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sínú ọkọ̀ lórí omi, ariwo sì sọ ní Topo.

Bí ariwo bá ti sọ, wọ́n á wá ẹni tí wọ́n máa dì í lé lórí. Alákòóso ilé ìwòsàn náà tú dúróà Sẹnàmí, ó bá síídì fíìmù kan níbẹ̀. Ó ní ohun tó kó fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ó ní bó bá fi máa di Fúráìdé tí ọ̀ràn náà kò yanjú, kó máa lọ sílé. Baba Sẹnàmí ti kú, iṣẹ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ń jẹ. Etí òkun wa yìí kéré, bí wọ́n bá lé e pẹ̀lú orúkọ pé ó ba ẹ̀rọ jẹ́, kò sí ilé ìwòsàn tí yóò gbà á láti ibẹ̀ títí dé Sẹ̀mẹ̀.

Ọ̀gá bínú nígbà tí wọ́n pè é. Ó ní, "Ẹrù tó gbé ní Ilé Òfìfo, kí ló dé tí kò ní gbé ní Topo? Bùnmi, sọdá. Lọ wá ohun tí ọmọ yẹn fi sí i, kó o mú un wá fún mi."

Bí ọlọ́pàá ni mo ṣe lọ. Mo bá Sẹnàmí lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi nǹkankan sí i. Fíìmù ìgbéyàwó sístà mi ni, ilé la ti fẹ́ wò ó."

"Gbogbo ẹni tí mo bá lọ bá ló ń sọ pé òun ò fi nǹkan kan sí i," mo dá a lóhùn.

"Ẹ wò ó fúnra yín, nà. I no touch am."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, mo ń wá ipa ẹsẹ̀ olè. Síídì fíìmù yẹn kò wọ ibẹ̀ rí, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì kankan. Ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rán mi. Ètò kékeré tó ń bá ètò ńlá to lẹ́tà sórí ìwé kò sí níbẹ̀. Mo fi síídì tiwa wọlé, mo tú u wò látòkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀ náà. A kò dì í mọ́ ẹrù rárá.

Ẹ bá mi rò ó. Bí kò bá sí nínú ẹrù wa, kí ló bá a tẹ̀wé ní Ilé Òfìfo?

Sẹnàmí dúró lẹ́yìn mi. "Kí lẹ rí, Àǹtí?"

"Mi ò tíì rí nǹkan kan."

"Ọ̀la ni Fúráìdé o."

Mi ò lè wò ó lójú. Nínú ọkọ̀ tí mo fi padà, mo fura sí ẹni tó kọ ètò, mo fura sí awakọ̀ tó gbé síídì, mo tún fura sí ara mi. Gbogbo rẹ̀ kò bá ojú mu. Ilé òfìfo méjì kò lè gba ẹrù kan náà kí ọ̀kan jẹun kí èkejì máa sunkún, àyàfi bí ọ̀kan kò bá ṣófo. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń dá wọ ti ṣọ́ọ̀bù wa. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mo tilẹ̀ rò ó pé kí n kúkú dákẹ́, kí n kàn tún ẹrù dì, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá dákẹ́, orúkọ ọmọ yẹn ni yóò kú.

Ọ̀gá ń mu gaàrí nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, sà."

"O rí i mú?"

"Ṣé ẹ ti fi Ilé Òfìfo ṣe nǹkan mìíràn rí, sà?"

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Èmi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ìwọ ló ń bi èmi? Èmi tí mi ò jẹ́ kí eṣinṣin wọbẹ̀?"

Mi ò dìde. Ó pẹ́ kó tó tú kọ́kọ́rọ́ nídìí. A jọ wọlé. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá ètò tó ń to lẹ́tà. Ó wà níbẹ̀, ó ti jókòó pẹ̀sẹ̀. Àpò fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ètò kan tí ẹgbẹ́ akọrin wọn fi ń tẹ ìwé orin Gun.

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ní ọ̀sẹ̀ ìkórè, kí ẹrù Topo tó dé, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì bàjẹ́. Ó fi ètò orin sí Ilé Òfìfo, ó tẹ ìwé orin jáde, ó sì yọ ètò náà kúrò. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun ti yọ ọ́ tán pátápátá. Ètò orin lọ lóòótọ́, ó sì fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò. Ìkòkò yẹn ni ẹrù Topo fi jẹun níwájú wa.

"Ta ló sọ fún mi?" ọ̀gá bi ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ló wò mí, mo rò pé yóò lé mi. Ó ní, "Ganji."

Báwọn Gun ṣe ń sọ pé nǹkan dára nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

A tún ẹrù náà dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo nawọ́ láti gba síídì, kò fún mi. Gbogbo Àgbádárìgì ló mọ̀ pé ọ̀gá kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní omi tó pa ẹ̀gbọ́n òun kò tíì bẹ òun. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó di igi ìjókòó mú títí a fi gúnlẹ̀, òógùn bò ó. A bá alákòóso àti àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sẹnàmí ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan.

Ọ̀gá kò jókòó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkankan. Ẹrù tí a gbé wá ni kò pé, èmi Zannu ni mi ò sì jẹ́ kó hàn. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa lé, èmi ni kẹ́ ẹ lé."

Alákòóso fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ó ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí alákòóso fi bẹ Sẹnàmí lójú gbogbo wọn. Ọmọ náà sọ pé, "Ẹ ṣé, sà," ó gbé báàgì rẹ̀ padà wọlé.

Láti ìgbà yẹn, ènìyàn méjì ló ń wọ yàrá yẹn pọ̀, ẹnìkejì á sì wo ọwọ́ ẹnìkíní. Ọ̀gá kò bínú sí i.

Ayé yí padà. Dísíkẹ́ẹ̀tì lọ, síídì lọ, fúláàṣì dé pẹ̀lú àrùn tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò sídìí fún Ilé Òfìfo mọ́, pé èèyàn lè dá kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ nínú èyí tó jẹ́ òótọ́, kó dán ẹrù wò níbẹ̀, kó sì tú u ká. Mo kọ́ ọ, mo sì lò ó dáadáa. Síbẹ̀, mi ò gbé ẹrù jáde láìdán an wò lórí èyí tí mo lè fọwọ́ kàn. Ilé tí wọ́n bá yà sórí ìwé, òjò kì í pa á.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Ẹ̀yin tòde òní, ẹ kò tilẹ̀ di ẹrù mọ́. Aládùúgbò wa kan ní Morogbo, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kọ ètò fún àwọn oníṣòwò, fi tirẹ̀ hàn mí.

"Màmá, sẹ́tọ́ọ̀pù tèmi kéré gan-an. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà, á lọ dáwùnlóòdù ìyókù fúnra ẹ̀."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Orí ínítánẹ́ẹ̀tì ni, Màmá."

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀? Bó bá yí i padà lọ́la ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù ń bà mí jù. Ìyàwó tó dé ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo, tó ní òun yóò máa ra ìkòkò lọ́jà tí òun kò mọ ẹni tó ń tà níbẹ̀, èmi kò ní jókòó níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. A ṣì ń kí ara wa.

Nígbà tí iṣẹ́ mi ku díẹ̀ kó parí, ilé ìwòsàn Topo ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀gá ti kú. Mo ní kò sẹ́ni tó máa di ẹrù yẹn bí kò ṣe èmi. Sẹnàmí ti di olórí ẹ̀ka àyẹ̀wò, ó ti lọ́mọ tó lọ sí yunifásítì. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, a ti di ẹbí. Ẹja gbígbẹ tó ń fi ránṣẹ́ ni mo fi ń se ọbẹ̀ ọdún, ó sunkún níbi ìsìnkú ọ̀gá ju àwọn ọmọ olóògbé lọ. Nítorí náà ara tù mí bí mo ṣe gúnlẹ̀ ní Topo. Mo fi ẹrù náà sórí kọ̀ǹpútà, mo ṣí i, mo kọ nǹkan sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká.

"Sẹnàmí, ó ti parí o. Mò ń lọ."

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá." Ó fa àga kan sún mọ́ mi. "Ẹ jókòó."

"Ọkọ̀ ń dúró dè mí."

"Á dúró."

Ó gbé omi fún mi, ó ní kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì wá. Ó sì ṣílẹ̀kùn, ó pe aboyún kan wọlé. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kọ èsì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé, ó kà á, ó pe ẹlòmíràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì kún. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe oúnjẹ ló ní kí n jókòó jẹ, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹrù pé kí n tó lọ. Ó dùn mí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí wọ egungun, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀ níbì kankan.

"Sẹnàmí, o ò tíì dárí jì wá?"

Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjọ́ tí ọ̀gá yín wá síbí ni mo ti dárí jì yín, Màmá. Ẹ ṣáà jókòó."

Mo sọ̀ báàgì kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí aboyún tó kẹ́yìn fi gba ìwé tirẹ̀ lọ.